Etí Tí A Rẹ́ Dagẹ̀rẹ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Awọ àti Rọ́bà

Bí ènìyàn bá mú àpamọ́wọ́ aláwọ kan tí a rán dáadáa, tí ó sì fi ìka tọ etí rẹ̀ tí a ṣẹ́ sínú, yóò rí i pé etí náà kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju àárín àpamọ́wọ́ náà lọ. Ó yẹ kí èyí yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé níbi tí a bá ti ṣẹ́ awọ sínú, awọ méjì ni ó gorí ara wọn níbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ó di ìlọ́po méjì ni iṣẹ́ kékeré kan tí oníṣẹ́ awọ ti ṣe kí ó tó fi àtè lẹ̀ ẹ́, kí ó sì tó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ó ti fi ọ̀bẹ mímú dín ìnípọn awọ náà kù ní ẹ̀bá, títí etí náà fi di fẹ́lẹ́. Ẹni tí ó ra àpamọ́wọ́ kì í rí iṣẹ́ yìí. Bí a kò bá ṣe é ni yóò rí i: etí yóò wú, abẹ́rẹ́ yóò ṣẹ́, ojú rírán kò sì ní tọ́.

Iṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ awọ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "skiving". Kì í ṣe awọ bàtà àti ti àpò nìkan ni a ń ṣe é sí. A ń ṣe é sí rọ́bà, sí bẹ́líìtì ẹ̀rọ, àti sí awọ tí a fi ń di ìwé fún ilé ìkàwé. Ní kúkúrú, gbogbo ohun pẹlẹbẹ tí ó ṣeé ká, tí a sì fẹ́ ṣẹ́ létí tàbí tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn láìwú, ni iṣẹ́ yìí kàn. Nígbà tí olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ bá fẹ́ sọ ọ́ ní èdè Yorùbá, gbólóhùn tí ó sáà máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni "gé etí rẹ̀ ní igun". Gbólóhùn yìí kò ní àṣìṣe gírámà kankan nínú, ṣùgbọ́n ó lè ba odidi awọ jẹ́. Ó tọ́ kí á wo ìdí rẹ̀, kí á sì wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀.

1. Igun méjì lára ohun kan ṣoṣo

Gbogbo ohun pẹlẹbẹ ni ó ní òró, ìbú àti ìnípọn. Bí a bá tẹ́ awọ sórí tábìlì, tí a sì dúró wò ó láti òkè, òró àti ìbú rẹ̀ ni a óò rí. Bí a bá gé e wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, igun tí ọ̀bẹ dá yóò hàn gbangba sí ojú wa, gẹ́gẹ́ bí igun aṣọ tí télọ̀ gé. Igun kìíní nìyí. Igun kejì kò hàn láti òkè rárá. Àyàfi bí a bá bẹ̀rẹ̀ títí tí ojú wa fi bá tábìlì dọ́gba, tí a sì wo etí awọ náà látẹ̀gbẹ́, ni a óò tó rí i pé etí ọ̀hún kò dúró ṣánṣán mọ́, pé ó ti dagẹ̀rẹ́ láti ojú kan dé ojú kejì. Inú ìnípọn ni igun yìí wà.

Ní èdè Yorùbá, "igun" jẹ́ ọ̀rọ̀ fún igun ilé, igun ọjà, igun aṣọ, àti igun tí a ń wọ̀n nínú ìṣirò. Nítorí náà, bí ìwé ìtọ́ni bá sọ fún ọmọṣẹ́ pé kí ó gé etí awọ ní igun dígírì 20, ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fi rúlà fa ìlà tí ó wọ́, yóò sì gé e kúrò. Kò ṣe àìgbọràn. Ohun tí a kọ ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n awọ tí ó yẹ kí ó fẹ̀ tó ìtẹ́lẹ̀ àpò ti dín kù, a kò sì lè so ó padà. Níbi tí awọ ti wọ́n, tí ọ̀gá sì ń fi owó ara rẹ̀ rà á, ìtumọ̀ tí kò péye di gbèsè fún ọmọṣẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

2. Ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe

Awọ ní ìhà méjì. Ìhà tí irun ti wà ni a ń pè ní ojú awọ. Ìhà tí ó kan ẹran ni inú awọ. Lórí ojú awọ ni ẹwà wà, ṣùgbọ́n agbára kò sí níbẹ̀ púpọ̀. Àwọn fọ́nrán tí ó lọ́ mọ́ ara wọn lábẹ́ ojú awọ ni wọ́n ń gbé ẹrù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé inú awọ ni a sábà máa ń rẹ́, tí a sì ń dá ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ lórí òkúta dídán tàbí lórí gíláàsì tí ó nípọn. Ìdí kan náà ni ó sì fi yẹ kí a mọ ibi tí a óò dúró. Bí ọ̀bẹ bá jẹ gbogbo fọ́nrán tán, tí ó ku ojú awọ nìkan, etí náà yóò rẹwà lónìí, yóò sì ya ní ojú ìṣẹ́ láìpẹ́.

Ọ̀bẹ iṣẹ́ yìí kì í dà bí ọ̀bẹ ìdáná. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ni a sábà máa ń pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó lè sùn ti awọ. Oníṣẹ́ a fi ọwọ́ kan di awọ mú, a sì fi ọwọ́ kejì ti ọ̀bẹ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí ó gbé sókè díẹ̀. Bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ bá ti gbé sókè tó ni etí yóò ti dagẹ̀rẹ́ tó. Ọ̀bẹ tí kò mú kì í rẹ́ awọ. Ńṣe ni ó máa ń fà á, tí ó sì ń ká a jọ, pàápàá awọ ewúrẹ́ tí ó rọ̀. Nítorí náà oníṣẹ́ a máa pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lórí òkúta, a sì máa fà á lórí awọ gẹ́gẹ́ bí onígbàjámọ̀ ti ń fa abẹ rẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti bí iṣẹ́ ti ń lọ.

Oríṣi méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀bẹ a máa bá ìnípọn lọ títí yóò fi tán ní ẹ̀bá; irú èyí ni ó yẹ fún awọ méjì tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Nínú ti èkejì, a kì í jẹ́ kí ó tán. A máa ń ṣẹ́ ìnípọn díẹ̀ kù. Irú èyí ni ó yẹ fún etí tí a fẹ́ ṣẹ́ sínú. Bí awọ bá nípọn tó mílímítà 1.2, tí a sì rẹ́ ibi tí a fẹ́ ṣẹ́ títí ó fi ku mílímítà 0.6, bí a bá ṣẹ́ ẹ tán, 0.6 lọ́nà méjì yóò di 1.2. Ọ̀nà tí etí àpamọ́wọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fi bá àárín rẹ̀ dọ́gba nìyẹn.

3. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀

Olùkọ́ ìṣirò lè rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Bí a bá wo etí tí a rẹ́ látẹ̀gbẹ́, onígun mẹ́ta tí ó ní igun ọ̀tún kan ni a óò rí. Ìnípọn awọ ni ẹ̀gbẹ́ tí ó dúró. Fífẹ̀ ibi tí a rẹ́ ni ẹ̀gbẹ́ tí ó sùn. Ojú tí ọ̀bẹ là ni ẹ̀gbẹ́ tí ó dagẹ̀rẹ́. Bí a bá fi táńjẹ́ǹtì igun pín ìnípọn, a óò rí bí ibi tí a óò rẹ́ yóò ti fẹ̀ tó.

Kí á mú awọ tí ó nípọn tó mílímítà 2. Bí a bá rẹ́ ẹ ní dígírì 45, ibi tí a rẹ́ yóò fẹ̀ tó mílímítà 2. Ní dígírì 20, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 5.5. Ní dígírì 10, yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 11.3. Bí igun bá ti ń kéré sí i ni ibi tí a rẹ́ ń fẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "igun kékeré" lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Òdìkejì rẹ̀ ni ó rí.

Fífẹ̀ yìí ni ó ń fún ojú ìlẹ̀ ní agbára. Bí a bá fi orí awọ méjì tí ó nípọn tó mílímítà 2 kan ara wọn ní ṣánṣán, ìnípọn mílímítà 2 yẹn nìkan ni àtè rí dì mú. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́ àwọn méjèèjì ní dígírì 10, tí a sì gbé èkíní lé èkejì, ojú tí àtè rí dì mú yóò gùn tó nǹkan bí mílímítà 11.5, èyí tí ó sún mọ́ ìlọ́po 6 ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìnípọn ojú ìlẹ̀ náà kò kọjá mílímítà 2. Bí a kò bá rẹ́ wọn, tí a kàn gbé wọn lé ara wọn, yóò di mílímítà 4.

4. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ

Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Fortuna, ní ilẹ̀ Jámánì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn kò ṣeé yà kúrò lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò rí gbọọrọ. Ó rí bí agogo tí a dá ní ẹ̀gbẹ́ dé ilẹ̀, ẹnu agogo náà ni ó sì mú. Bí agogo yìí ti ń yí, rólà kékeré kan tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki a máa ti awọ láti abẹ́ wá sí ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ ìtẹ̀ a sì di awọ mú láti òkè, bí ẹsẹ̀ ìtẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń ṣe. Bí a bá yí ẹsẹ̀ ìtẹ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́, ìdagẹ̀rẹ́ yóò yí padà. Irin kékeré kan tí etí awọ ń fara tì ni ó ń pinnu bí ibi tí a ń rẹ́ yóò ti fẹ̀ tó. Òkúta ìpọ́nbẹ kan sì wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ tí ó ń pọ́n ẹnu agogo náà.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ yìí pe ẹ̀rọ mìíràn tí ń la odidi awọ sí abala méjì ní pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí a la búrẹ́dì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ ìlawọ ń dín ìnípọn gbogbo awọ kù. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín kò kọjá etí.

5. Bẹ́líìtì: ibi tí igun méjèèjì ti pàdé

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ọ̀rọ̀ kan tó fún igun méjèèjì, kí ó wo bí a ti ń so bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí ń yí ẹ̀rọ tàbí tí ń gbé ẹrù nílé-iṣẹ́. Bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ a máa wá ní gígùn kan, orí méjèèjì rẹ̀ ni a óò so pọ̀ kí ó tó di òbìrí. Nínú bẹ́líìtì tí a fi náílọ́nù ṣe àárín rẹ̀, tí a sì fi awọ bò lójú, a máa ń rẹ́ orí méjèèjì dagẹ̀rẹ́ nínú ìnípọn wọn, a ó fi àtè sí i, a ó sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ní ìpele aṣọ púpọ̀ nínú yàtọ̀ díẹ̀: a máa ń bó ìpele rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àtẹ̀gùn, kí ìpele ọ̀tún lè jókòó lé ìpele òsì.

Ṣùgbọ́n kí á tó dé ibi ìnípọn rárá, a sábà máa ń kọ́kọ́ gé orí bẹ́líìtì agbẹ́rù náà wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Nǹkan bí dígírì 22 sí ìlà ìbú ni ó wọ́pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú ìsopọ̀ a máa le ju ara bẹ́líìtì yòókù lọ. Bí ó bá lọ ní ṣánṣán, gbogbo ìbú rẹ̀ ni yóò kọlu àgbá tí ń yí i lẹ́ẹ̀kan náà, ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí po. Bí ó bá wọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gun orí àgbá. Fún ìdí mìíràn, tí a bá gbé orí kan lé èkejì, ṣóńṣó èyí tí ó wà lójú òde gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí bẹ́líìtì ń lọ, kí irin tí ń fá ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀ má baà há sí i, kí ó sì ṣí i.

Lára ìsopọ̀ kan, igun tí a rí láti òkè lè wà, igun tí a rí látẹ̀gbẹ́ náà sì lè wà, ìdí tí a fi ń ṣe èkíní kò sì bá ti èkejì tan. Ìwé ìtọ́ni tí ó bá pe àwọn méjèèjì ní "gígé ní igun" ti kó òṣìṣẹ́ sínú òkùnkùn.

6. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó pọ̀, ó sì ń fi ìyàtọ̀ wérewère hàn. A ń gé igi, a ń bẹ́ iṣu, a ń bó ọsàn, a ń la obì, a ń gbẹ́ ère, a ń fá irun, a ń rẹ́ ilá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń sọ ohun tí ọwọ́ ṣe àti ohun tí ó ṣẹ́kù.

"Fá" wuni, nítorí pé ọ̀bẹ ń sùn ti awọ bí abẹ ti ń sùn ti orí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ awọ ti lo ọ̀rọ̀ náà fún ohun mìíràn: awọ tí a fá ni awọ tí a ti mú irun àti ẹran kúrò lára rẹ̀. "Bó" kò tọ́, nítorí èèpo nìkan ni ó ń mú kúrò, bákan náà ni ó sì rí níbi gbogbo. "Là" ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lókè. "Gé" ń yọ nǹkan kúrò pátápátá láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun gan-an ni ó sì ń ṣi ọmọṣẹ́ lọ́nà. "Rẹ́" ni ó kù. Ẹni tí ń rẹ́ ilá tàbí tí ń rẹ́ ẹran sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀bẹ mímú, ọwọ́ tí kò wúwo, àti ohun tí ń di fẹ́lẹ́.

Ó lè wu ẹlòmíràn láti so "rẹ́" pọ̀ mọ́ "etí", kí ó sì dá "ìrẹ́tí", gẹ́gẹ́ bí àwọn télọ̀ ti ń sọ "ṣẹ́tí". Ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gbà á láàyè. Ṣùgbọ́n níbi tí a kò bá ti fi àmì sí i, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìtọ́ni tí a tẹ̀ ní kánjúkánjú, kò ní sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti "ìrètí". Ohun tí ó tún burú jù ni pé kò sọ ohunkóhun nípa ìdagẹ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ ni kókó iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé gbogbo rẹ̀ ni "rẹ́ dagẹ̀rẹ́". "Rẹ́" ń sọ ohun tí ọ̀bẹ ṣe. "Dagẹ̀rẹ́" ń sọ bí etí ti rí nígbà tí ó parí. Gbogbo ẹni tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè mọ ohun tí ó dagẹ̀rẹ́, kò sì ní wá a ní igun aṣọ. Láti ibẹ̀ ni a ti lè ṣe àkójọ wọ̀nyí fún lílò olùkọ́ àti olùtumọ̀:

Ìrẹ́dagẹ̀rẹ́: fífi ọ̀bẹ tàbí ẹ̀rọ dín ìnípọn etí ohun pẹlẹbẹ kù, kí etí náà lè dagẹ̀rẹ́.
Etí ìdagẹ̀rẹ́: etí tí a ti rẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ìrẹ́tán: ìrẹ́dagẹ̀rẹ́ tí ìnípọn rẹ̀ tán pátápátá ní ẹ̀bá.
Ìrẹ́kù: èyí tí a ṣẹ́ ìnípọn díẹ̀ kù nínú rẹ̀, fún ìṣẹ́tí.
Igun ìdagẹ̀rẹ́: igun tí ó wà láàárín ojú tí a rẹ́ àti ojú awọ tí ó sùn ti tábìlì.
Ìgégun: gígé ohun pẹlẹbẹ wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí a ti ń rí i láti òkè.
Ìlawọ: lílà odidi awọ sí abala ní pẹlẹbẹ.

7. Ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti fìdí múlẹ̀

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, fi hàn pé a lè kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kò tíì rí ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2011, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi iṣẹ́ 34 kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama àgbà, ṣíṣe ohun aláwọ àti títún un ṣe wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí a fi ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọṣẹ́ tí ń ra awọ ní ọjà Mushin, tí ó sì ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́, kò rí ìwé kankan tí ó bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó fi ń ṣiṣẹ́.

Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlejò. Ní Ọ̀yọ́, àwọn oníṣẹ́ awọ ti ń ṣe tìmùtìmù, àpò, àkọ̀ idà àti làbà Ṣàngó láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ń gé awọ aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n sì ń tò ó lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín ní láti dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọ inú ìwé. Bí wọ́n bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ nínú ilé-iṣẹ́ wọn, tiwọn ni kí á gbà. Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni onímọ̀ èdè kò lè dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tán láìsí ọwọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìdánwò kan wà tí olùkọ́ lè fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà dára. Kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí iṣẹ́ yìí rí ní àfọ́kù awọ kan àti ọ̀bẹ mímú, kí ó sì sọ fún un pé: "Rẹ́ etí rẹ̀ dagẹ̀rẹ́." Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá mú rúlà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì péye. Bí ó bá dá inú awọ sókè, tí ó sì tẹ́ ọ̀bẹ lélẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.